Àyẹ̀wò Àrùn Àjogúnbá fún Ọmọ Tuntun Láàárín Àwọn Amish: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ní àgbègbè Lancaster, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọmọ tí wọ́n bí lálẹ́ àná lè ti rí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbà kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn òbí rẹ̀ kò ní mọ́tò, iná ìjọba kò dé ilé wọn, inú yàrá ìyá rẹ̀ sì ni agbẹ̀bí ti gbẹ̀bí rẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn sábà máa ń béèrè tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀ ni mo kó jọ síbí. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń retí ọmọ, tàbí tó ń bá àwọn ọmọ ìkókó ṣiṣẹ́, fara balẹ̀ kà á.

Ta ni àwọn Amish gan-an?

Onígbàgbọ́ ni wọ́n. Lọ́dún 1693 ni Jakob Ammann àti àwọn tó tẹ̀ lé e yapa kúrò lára ìjọ Mennonite ní Switzerland àti Alsace. Inúnibíni àti àìrílẹ̀ dáko lé wọn wá sí Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, Pennsylvania ni wọ́n sì kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀ sí. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n ń gùn, ẹ̀ka èdè Jámánì kan ni wọ́n ń sọ nínú ilé, ọmọ méje tàbí mẹ́jọ kò sì ṣàjèjì lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ti lé ní 400,000 báyìí ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Àwọn Mennonite tó ṣì di ìṣe àtijọ́ mú wà ní àdúgbò kan náà pẹ̀lú wọn, ilé ìwòsàn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń tọ́jú ìjọ méjèèjì.

Kí ló fà á tí àwọn àrùn àjogúnbá kan fi pọ̀ lọ́dọ̀ wọn?

Ẹni tó bá ti lọ yẹ jẹ́nótaìpù rẹ̀ wò kó tó ṣègbéyàwó ti mọ ìdajì ìdáhùn yìí. Bí bàbá bá jẹ́ AS tí ìyá náà jẹ́ AS, ara àwọn méjèèjì lè le koko, síbẹ̀ nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé kí ọmọ jẹ́ SS. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀pọ̀ àrùn àwọn Amish ṣe ń ṣiṣẹ́: ọmọ gbọ́dọ̀ jogún àbùdá tó ní àléébù láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá kí àìsàn tó lè mú un.

Kò sí èèyàn tí kò ní àléébù bíi mélòó kan nínú àbùdá rẹ̀, yálà Yorùbá, Haúsá tàbí òyìnbó. Ohun tó ń kó wa yọ ni pé ẹni tí a bá fẹ́ kì í sábà ní irú tiwa gan-an. Ní Lancaster, nǹkan bí igba èèyàn péré ni orírun gbogbo wọn. Wọn kì í sábà gba ẹni láti ìta sínú ìjọ, wọn kì í sì í fẹ́ ẹni tí kì í ṣe ara ìjọ. Àléébù tí baba ńlá kan bá gbé wá láti òkè òkun ti dé inú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé lónìí.

Victor McKusick, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn ní Yunifásítì Johns Hopkins, tọpa ọ̀kan nínú wọn lọ́dún 1964. Àrùn náà ń jẹ́ Ellis–van Creveld. Ọmọ tó bá ní i máa ń kúrú lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, ó máa ń ní ìka ọwọ́ mẹ́fà, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n sì ń bí pẹ̀lú àléébù nínú ọkàn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Nígbà tí McKusick ka ìwé ìran wọn sẹ́yìn, ọ̀dọ̀ tọkọtaya kan ṣoṣo ni gbogbo ìlà rẹ̀ parí sí, Samuel King àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Pennsylvania lọ́dún 1744. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí wo olúgbódi ilé rẹ̀ tìfuratìfura o. Ìka mẹ́fà lásán, tí ọmọ le, tó ń dàgbà dáadáa, kì í ṣe àrùn yìí.)

Ṣé ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò ni wọ́n ń fẹ́ra?

Rárá. Ìjọ wọn ka ìgbéyàwó láàárín ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò léèwọ̀. Àmọ́ tí èèyàn bá padà sẹ́yìn tó ìran mẹ́jọ, ìdílé gbogbo wọn pàdé níbì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ àti ìyàwó kò mọ ara wọn sí ìbátan rárá.

Àrùn wo ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ?

Wọ́n pọ̀. Mẹ́rin ni mo máa mú, torí pé àwọn ló jẹ́ kí àǹfààní àyẹ̀wò yìí hàn gbangba.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní GA1. Ara ọmọ kò lè lo lysine, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó para pọ̀ di purotéènì, bó ṣe yẹ. Májèlé á wá máa kóra jọ sínú ọpọlọ. Nǹkan bí ọmọ kan nínú 400 ló ní i láàárín àwọn Amish ti Lancaster.

Èkejì ni MSUD, tó jẹ́ ti àwọn Mennonite jù. Ara kò lè lo leucine, èròjà purotéènì mìíràn, àti méjì tó fara jọ ọ́. Ọmọ kan nínú nǹkan bí 380 ló ní i láàárín wọn, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan nínú nǹkan bí 185,000 ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ sí láàárín aráyé yòókù. Ìtọ̀ ọmọ náà máa ń ta sánsán bíi ṣúgà tí wọ́n yọ́ lórí iná. Kódà kí ọmọ tó pé ọjọ́ méjì láyé, ìyá tó bá mọ òórùn náà lè gbọ́ ọ nínú ìdọ̀tí etí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Crigler-Najjar. Ẹ̀dọ̀ ọmọ kò lè mú bilirubin kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ohun tó ń sọ ojú ọmọ tuntun di pípọ́n bí a ṣe ń rí i nínú ibà pọ́njú. Ti àwọn ọmọ wa sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ti Crigler-Najjar kì í lọ láéláé, bó bá sì wọ inú ọpọlọ, ó lè sọni di aláàbọ̀ ara tàbí kó pani.

Ẹ̀kẹrin ni SMA, tó ń pa àwọn iṣan tí ọmọ fi ń jókòó, tó fi ń gbé nǹkan mì, tó sì fi ń mí.

Báwo ni gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀?

Lọ́dún 1988, dókítà ọmọdé kan tó ń jẹ́ Holmes Morton ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Philadelphia. Wọ́n gbé ìtọ̀ ọmọkùnrin Amish kan wá fún un láti yẹ̀ wò. Èrò gbogbo èèyàn ni pé ọpọlọ ọmọ náà ló fara gbọgbẹ́ nígbà ìbí, pé ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi lè rìn. Nínú ìtọ̀ yẹn ni Morton ti rí ásíìdì tó tú àṣírí GA1.

Ó wakọ̀ lọ sí Lancaster láti rí ìdílé náà. Wọ́n júwe ilé kejì fún un, ilé kejì júwe ẹ̀kẹta. Níbi tó dé, ó ń bá ọmọ tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ sórí àga, orúkọ kan náà sì ni wọ́n ti fún àìsàn gbogbo wọn: ìbí líle. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ìyá ń sọ kò bá ìbí líle mu. Ara ọmọ le nígbà tí wọ́n bí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó, àwọn mìíràn ti ń rá. Lọ́jọ́ kan, ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru mú un, irú èyí tó ń mú gbogbo ọmọdé. Nígbà tí ibà náà máa lọ, ọmọ kò lè gbé ọrùn rẹ̀ dúró mọ́. Ìyípadà náà kì í ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ.

Mo máa ń ronú nípa àwọn ìyá wọ̀nyẹn gan-an. Ọdún mélòó ni wọ́n fi gbà pé bóyá àwọn ló ṣe ohun kan tí kò dáa lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀?

Morton àti ìyàwó rẹ̀, Caroline, dá Clinic for Special Children sílẹ̀ lọ́dún 1989. Wọ́n ti múra láti fi ilé wọn dúró kí wọ́n lè yáwó ra ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Ìròyìn wọn jáde nínú ìwé ìròyìn Wall Street Journal, àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í fowó ránṣẹ́, ilé iṣẹ́ Hewlett-Packard sì fún wọn ní ẹ̀rọ náà. Lọ́dún 1990, àwọn Amish àti Mennonite fi ọ̀wẹ̀ gbé ilé ìwòsàn náà dúró ní Strasburg, igi lórí igi, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ abà fún ara wọn. Ibi tí èèyàn lè so ẹṣin mọ́ wà níta. Ó dájú lójú mi pé bí dókítà náà bá jókòó sí Philadelphia tó ní kí wọ́n máa gbé ọmọ wá, iṣẹ́ yìí ìbá má ti bọ́ sí i.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ náà?

Gìgísẹ̀ ni. Robert Guthrie, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, ló mú ọ̀nà yìí wá ní nǹkan bí ọdún 1960. Agbẹ̀bí á fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ mú ẹsẹ̀ ọmọ lọ́wọ́ọ́wọ́, á gún ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀ fín-ín, á sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kán sórí àwọn òbìrìkìtì tí wọ́n yà sára káàdì kan. Ẹ̀jẹ̀ náà gbọ́dọ̀ mu káàdì dé òdìkejì. Wọ́n á sá a títí yóò fi gbẹ, kì í ṣe nínú oòrùn o, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Káàdì yìí á wá lọ sí ilé àyẹ̀wò tí ìjọba ìpínlẹ̀ yàn.

Ọmọ á sunkún díẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e sí ọmú nígbà tí wọ́n ń gún un, ẹkún náà kì í pẹ́.

Láàárín wákàtí 24 sí 48 lẹ́yìn ìbí ni wọ́n ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ìdílé bá ti bí ọmọ tó ní MSUD rí, wọn kì í dúró de káàdì ìjọba. Wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ láti inú okùn ìwọ́, kí wọ́n sì yẹ àbùdá náà gan-an wò lọ́jọ́ náà. Àléébù tí wọ́n ń wá ti yé wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n mọ ojú ibi tó wà nínú DNA, nítorí náà àyẹ̀wò náà kì í wọ́nwó, kì í sì í pẹ́. Báwo wá ni ìròyìn ṣe ń dé ilé náà? Ọ̀pọ̀ ìdílé Amish ní tẹlifóònù nínú àtíbàbà kékeré kan létí ọ̀nà tàbí lẹ́yìn abà, wọn kàn kì í gbé e wọlé ni.

Kí nìdí tí wọ́n fi ń kánjú bẹ́ẹ̀?

Torí pé MSUD kì í fúnni láyè. Ọmọ á dára lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì sí ìkẹta, kò fẹ́ mu ọmú mọ́, ẹkún rẹ̀ á máa dún tínrín. Ẹ̀yìn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ kọ́rọ́. Gírì lè tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà oorun àìjí. Ọmọ tí wọn kò bá tọ́jú lè ti kú kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Èsì tó bá dé lọ́jọ́ kẹwàá ti pẹ́ jù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá rí àrùn náà, kí ni wọ́n ń ṣe?

Ọmọ tó ní MSUD á máa mu mílíìkì tí wọ́n ti yọ àwọn èròjà tí ara rẹ̀ kò lè lò kúrò, pẹ̀lú ọmú ìyá tí wọ́n wọ̀n. Wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lemọ́lemọ́. Láti ọdún 2004, wọ́n ti ń pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún àwọn kan nínú wọn ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Pittsburgh, àwọn tí wọ́n ṣe é fún sì ń jẹ oúnjẹ tí gbogbo èèyàn ń jẹ.

Ní ti GA1, oúnjẹ tí lysine rẹ̀ kéré àti oògùn carnitine ni. Iṣẹ́ gidi wà lọ́jọ́ àìsàn. Gbogbo ìyá tó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló mọ̀ pé tí ọmọ bá ti gbóná, tó ń bì, tàbí tí kò jẹun, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wò di àárọ̀ ọ̀la. Wọ́n á pe ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, wọ́n á fa omi oníṣúgà sí ọmọ lára kí ara rẹ̀ má bàa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran ara rẹ̀, torí ìgbà yẹn gan-an ni májèlé máa ń pọ̀. Ewu náà ga jù kí ọmọ tó pé ọdún méjì. Kí àyẹ̀wò tó dé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ni ọpọlọ wọn bàjẹ́. Lónìí, èyí tí wọ́n bá tètè rí tí wọ́n sì tọ́jú bẹ́ẹ̀ máa ń rìn, wọ́n ń lọ síléèwé, wọ́n sì ń bá bàbá wọn fún wàrà màlúù.

Àwọn ọmọ Crigler-Najjar máa ń sùn sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù fún wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá lójoojúmọ́. Ìmọ́lẹ̀ náà ló ń yí bilirubin padà kí ara lè rí i tì jáde. Àwọn tí kì í lo iná ìjọba ló wá ń wá iná tí yóò máa tàn di ojúmọ́ fún ọmọ wọn, ìjọ sì gbà pẹ̀lú wọn. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà, awọ ara rẹ̀ ń nípọn, agbára iná náà ń dín kù, ọ̀pọ̀ a sì wá nílò pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀.

SMA kò ní oògùn gidi kankan títí di ìparí ọdún 2016. Lọ́dún 2019 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fa á sára ọmọ, ó sì ń gbé ojúlówó àbùdá wọ inú ara rẹ̀. Ọmọ tó bá gbà á kí iṣan rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú ló ń jàǹfààní jù.

Ṣé ẹ̀sìn wọn kò lòdì sí i?

Ìgbàgbọ́ wọn kò ka oògùn òyìnbó léèwọ̀. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni bóyá ohun tuntun kan yóò tú ilé àti ìjọ wọn ká. Àyẹ̀wò tó ń gba ọmọ là, tí agbẹ̀bí tí wọ́n mọ̀ ń ṣe nínú ilé wọn, kò tú ohunkóhun ká. Òfin Pennsylvania fún òbí láyè láti kọ̀ ọ́ nítorí ẹ̀sìn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ń gbà á, torí wọ́n ti rí ọmọ aládùúgbò wọn tó yè.

Ṣé wọ́n máa ń torí èsì ṣẹ́ oyún?

Wọn kì í ṣẹ́ oyún. Ìtọ́jú ọmọ tí Ọlọ́run bá fún wọn ni wọ́n ń torí rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò.

Ta ló ń sanwó?

Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ra ìwé adójútòfò. Ìjọ ló ń dáwó jọ fún ẹni tí àìsàn bá dé bá. Ilé ìwòsàn náà fúnra rẹ̀ ń gbára lé gbàǹjo tí àwọn ará ìlú ń ṣe lọ́dọọdún: aṣọ ìbora ọlọ́nà, àga àti tábìlì, oúnjẹ, ẹran ọ̀sìn. Nítorí èyí, iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ aláìsàn kéré gan-an sí ti àwọn ilé ìwòsàn ńlá.

Àwọn àrùn tí kò ní ìwòsàn ńkọ́?

Wọ́n wà. Lọ́dún 2004 ni wọ́n rí àbùdá tó ń fa àìtó GM3, èròjà ọ̀rá kan tí ọpọlọ nílò, láàárín àwọn Amish ti ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí DDC Clinic, ilé ìwòsàn mìíràn fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, wà ní ìlú Middlefield. Gírì máa ń mú ọmọ náà láti kékeré, kì í sì í sọ̀rọ̀. Kò tíì sí oògùn tó ń wò ó. Síbẹ̀, èmi kò gbà pé òfo ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ìdílé náà mọ orúkọ ohun tó ń bá ọmọ wọn jà. Wọ́n dáwọ́ gbígbé e kiri ilé ìwòsàn dúró, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n lè retí bí wọ́n bá tún fẹ́ bímọ.

Kí ló kan Yorùbá nínú èyí?

Púpọ̀. Àrùn SS ń bá wa jà ju GA1 lọ. Bí ẹ bá bímọ sí Amẹ́ríkà, gbogbo ìpínlẹ̀ ló ti ń yẹ ọmọ tuntun wò fún un láti ọdún 2006. Bí ó bá jẹ́ England ni, agbẹ̀bí á wá gún gìgísẹ̀ ọmọ yín lọ́jọ́ karùn-ún. SS wà nínú ohun tí wọ́n ń wá, GA1 àti MSUD náà sì ti wà níbẹ̀ láti ọdún 2015.

Nílé, ní Nàìjíríà, òfin kankan kò fi dandan mú un pé kí gbogbo ọmọ tuntun gba irú àyẹ̀wò yìí. Ìwé jẹ́nótaìpù tí ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè ṣáájú ìgbéyàwó dára, àmọ́ àwọn òbí ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, kò sọ ti ọmọ tí wọ́n ti bí. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá jẹ́ AS, ẹ má dúró kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ wú ní oṣù kẹfà. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ọmọ náà wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n ti mọ bí a ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun wò, torí ẹ̀jẹ̀ inú oyún ṣì pọ̀ lára rẹ̀ nígbà yẹn, ó sì lè ṣi àwọn kan lọ́nà. Ọmọ SS tí a tètè mọ̀ máa ń rí penicillin gbà lójoojúmọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ á pé, oògùn tó ń dènà ibà á wà, wọ́n á sì kọ́ ìyá rẹ̀ bí a ṣe ń fọwọ́ yẹ ọlọ inú ọmọ wò bóyá ó ti wú.

Ilé ìwòsàn pè wá padà lẹ́yìn àyẹ̀wò gìgísẹ̀. Ṣé ọmọ wa ti ní àrùn nìyẹn?

Kò tíì dájú. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kàn ń ya àwọn tó yẹ kí wọ́n tún wò sọ́tọ̀ ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń já sí pé kò sí nǹkan. Ẹ lọ lọ́jọ́ tí wọ́n pè yín gan-an, kódà bí ọmọ bá ń mu ọmú dáadáa. Ẹ má ṣe dá a dúró lọ́mú láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè orúkọ àrùn tí wọ́n ń fura sí, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè pé, tí ọmọ bá gbóná, tó bì, tàbí tó kọ ọmú lóru yìí, ta ni kí a pè, kí sì ni nọ́ńbà rẹ̀? Bí wọ́n bá sọ pé ọmọ gbé àbùdá náà sára lásán, bíi ti AS, kò ṣàìsàn, àmọ́ ẹ fi ìwé náà pamọ́ fún un di ìgbà tó bá tó láya tàbí lọ́kọ.